Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Omi Àjàṣẹ́, Omi Kétu, Omi Ṣábẹ̀ẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ omi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ya gbogbo ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún un lóṣù yìí. A gé àwọn kan kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́. Ohun kan tó hàn nínú wọn ni pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ń wá ohun tí wọn yóò ṣe nínú ọgbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, nígbà náà, bí ìdáhùn wa bá ń jáde nílé lọ sí àdúgbò, tó sì ń ti àdúgbò lọ sí ọ́fíìsì mérì.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olóòtú. Mo ra ilẹ̀ sí apá Tokpota, mo kọ́lé, mo sì gbẹ́ kànga kí n tó kó wọlé nítorí pé páìpù omi ẹ̀rọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní báyìí, aládùúgbò mi ń gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn ògiri mi, kò sì jìnnà sí kànga náà rárá. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó ní inú ilẹ̀ òun ni òun wà. Bí mo bá ń se omi yẹn kí a tó mu ún, ṣé kò ti tán? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Tokpota, Àjàṣẹ́*

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Inú ilẹ̀ rẹ̀ ni aládùúgbò yín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó wà nísàlẹ̀ kò mọ òpó ààlà tí àwọn awọnlẹ̀ rì. Àjàṣẹ́ jókòó lórí ilẹ̀ pupa tó jẹ́ àdàpọ̀ iyanrìn àti amọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa jò wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí kànga yín ti ń fà á, ohun tó bá sì bá pàdé lójú ọ̀nà ni yóò gbé dání. Bí ohun náà bá jẹ́ ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ẹ̀yin ni yóò gbé e wá fún.

Ìlànà tí àwọn elétò ìlera ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí ṣáláńgá fi ó kéré tán mítà 30 jìnnà sí kànga, kí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ sì fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà lọ. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́, apá tó rẹlẹ̀ ju kànga lọ ni kí a gbẹ́ ṣáláńgá sí. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kan. Bí ilẹ̀ tí ẹ rà bá jẹ́ mítà 20 lọ́nà 25, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i kò ju mítà 32 lọ. Bí ẹ tilẹ̀ fi kànga sí igun kan, tí ẹ sì fi ṣáláńgá tiyín sí igun kejì pátápátá, agbára káká ni ẹ ó fi pa ìlànà náà mọ́ láàárín ọgbà yín, ẹnikẹ́ni tó bá sì wá kọ́lé lẹ́yìn ògiri lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́. Ní àdúgbò tí ilé ti kún, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní kànga tirẹ̀ àti ṣáláńgá tirẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tò wọ́n tí gbogbo wọn yóò fi jìnnà síra tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aládùúgbò burúkú. A pín ilẹ̀, a tà á, a kọ́lé sí i tán, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ibi tí páìpù yóò gbà.

Ní ti sísè, omi tó bá hó kùù fún ìṣẹ́jú kan, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun inú rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àti ìtọ̀ a tún máa fi kẹ́míkà kan tí à ń pè ní nítíréètì sínú omi, iná kì í sì í mú ìyẹn kúrò. Kódà, bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni nítíréètì ń pọ̀ sí i nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ọmọ ìkókó tí a ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún lè di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé afẹ́fẹ́ ká ara bó ṣe yẹ mọ́, tí ètè àti èékánná rẹ̀ yóò máa dúdú bí aró. Bí ọmọ kékeré bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra omi ẹ̀rọ fún un títí ẹ ó fi gbé omi kànga náà lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìjà. Ẹ pe aládùúgbò yín kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Òfin ìmọ́tótó ìlú ti wà nílẹ̀ láti 1987, ó sì tọ́ kí ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wá wo ihò tí a ń gbẹ́ nígbà tí kò tíì parí. Ẹ bi aládùúgbò yín bóyá ó lè fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ihò náà kí nǹkan má bàa jò jáde. Bí ó bá gbà, ìbéèrè kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn kì í bèèrè: ta ni yóò máa wá gbọ́n ọn bí ó bá kún, níbo ni ọkọ̀ náà yóò sì ti lọ dà á nù? Ṣáláńgá tí a rẹ́ dáadáa, tí a wá lọ da ohun inú rẹ̀ sínú àbàtà lóru, kànga ẹlòmíràn ló ń bàjẹ́.

*Olóòtú ọ̀wọ́n, mo fẹ́ gbẹ́ kànga jíjìn ẹlẹ́rọ sí Ouando kí n máa ta omi fún àdúgbò. Ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí ìwé àṣẹ, pé omi Ọlọ́run ni. Ṣé òótọ́ ló sọ? — Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò, Ouando, Àjàṣẹ́*

Àbúrò wa, omi Ọlọ́run ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹ́ kànga ni yóò jẹ èrè ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ìwọ ni yóò sì dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá dé. Òfin 2010-44, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, tó sì gba ipò òfin omi ti 1987, ka omi sí ogún àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè. Fífa omi fún ìlò ilé kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ fà á tà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ omi àti kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n tó kan ilẹ̀. Nínú ìgboro ẹ̀wẹ̀, SONEB ni ìjọba gbé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́ láti 2003, nígbà tí wọ́n ya omi kúrò lára iná mànàmáná. Lọ bi wọ́n bóyá páìpù wọn ń bọ̀ ní àdúgbò rẹ láìpẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí páìpù bá dé ni ọjà rẹ yóò dín kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwé nìkan ni òfin fi ń yọjú sí ọ̀rọ̀ yìí. Omi dídùn fúyẹ́ ju omi òkun lọ, nítorí náà, lẹ́bàá òkun àti ọ̀sà, ńṣe ni omi dídùn ń léfòó sórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ ó pẹ́: fún mítà kọ̀ọ̀kan tí omi dídùn fi ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 omi dídùn ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Wá yí i padà. Bí fífà bá mú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ní mítà kan péré, omi iyọ̀ lè máa gòkè bọ̀ ní mítà 40 bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ẹni tó ń fà á kò ní rí i. Omi náà yóò ṣì máa jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí ìyàwó ilé kan yóò sọ pé ọbẹ̀ ti níyọ̀ kí òun tó fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ tó bá ti wọlé báyìí kì í tètè jáde, àní bí a bá tilẹ̀ dáwọ́ fífà dúró.

Kútọnu ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Godomey ni wọ́n ti ń fa omi tí Kútọnu ń mu, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí adágún Nokoué. Adágún náà a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ẹnu ọ̀nà tí àwọn Faransé là sí òkun ní Kútọnu ní 1885. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ kànga Godomey lójú méjèèjì. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué sì so pọ̀ gba ọ̀nà omi Totchè. Òótọ́ ni pé Ouando ga ju etí ọ̀sà lọ, ewu rẹ kò sì tó ti ẹni tó ń gbé Djassin lẹ́bàá ọ̀sà. Àmọ́ omi tí o bá fà lókè ni kò ní ṣàn dé ìsàlẹ̀ mọ́ láti ti iyọ̀ sẹ́yìn fún ẹni yẹn. Kànga kan kò lè ba ìlú jẹ́. Ẹgbẹ̀rún kànga tí ẹnì kankan kò kọ sílẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ iye tí a ti fà. Ní Jakarta, olú ìlú Indonéṣíà, ibi tí páìpù kò dé ni olúkúlùkù ti gbẹ́ kànga jíjìn tirẹ̀, ilé ìtura àti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú, títí apá kan ní àríwá ìlú náà fi rì sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà. Ilẹ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí o kọ sí wa.

Bí o bá wá gba àṣẹ, gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ: bó ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tó bá pàdé, ibi tí omi dúró sí. Máa wọn ibi tí omi dúró sí ní oṣooṣù, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé. Fi kílórìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò, sí omi inú tánkì. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ ni pé kó má dín sí mìlígíráàmù 0.2 nínú lítà kan nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún. Kí o sì ṣàánú àwọn oníbàárà rẹ. Bídọ́ọ̀nù lítà 25 tí a tà ní fránkì 25 ti sọ mítà kúbíìkì kan (lítà 1,000) di fránkì 1,000, iye yìí sì ju ohun tí ẹni tó ní mítà SONEB nílé ń san lọ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí kò ní páìpù, tó tún jẹ́ tálákà jù, òun ni omi wọ́n fún jù.

*Bàbá wa fi ilé àgbà kan sílẹ̀ fún wa ní Atakẹ́. Ìdílé méje ló ń gbé inú rẹ̀, mítà omi kan ṣoṣo ló sì wà. Owó rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ayálégbé ní mò ń bu owó lé e. — Onílé kan, Atakẹ́, Àjàṣẹ́*

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ má bu nǹkankan lé e, kí owó náà sì pọ̀ jù síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń díye lé omi ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wa ni pé mítà kúbíìkì díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù a dínwó, kí tálákà lè rí omi mu. Bí ìlò bá ti ń pọ̀ sí i, iye orí mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan a máa gòkè. Ọgbọ́n rere ni, àmọ́ ẹni tó gbé e kalẹ̀ ń ro ti ìdílé kan, mítà kan. Kò ro ti agbo ilé. Ká ní mítà kúbíìkì 5 ni ààlà owó kékeré náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín sì máa lo 5 lóṣù. Bí olúkúlùkù bá ní mítà tirẹ̀, gbogbo yín ni ẹ ó san owó kékeré. Nítorí pé ẹ jọ ń lo ọ̀kan, 35 ni mítà yín ń kà, 30 nínú rẹ̀ sì ti bọ́ sórí owó ńlá, bí ẹni pé ọlọ́rọ̀ kan ló ń fi wẹ ọkọ̀ àti ọgbà òdòdó.

Nítorí náà, ohun tó tọ́ ni kí ìdílé kọ̀ọ̀kan béèrè fún mítà tirẹ̀. SONEB a máa kéde ìgbà tí owó ìsopọ̀ bá dínwó. Ẹ máa tẹ́tí sí i. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹ ra mítà kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lẹ ìwé owó mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti rí i. Lóru ọjọ́ kan, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ ka mítà, ẹ tún un kà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu omi. Bí nọ́ńbà bá ti yí, ibì kan ń jò. Ẹ̀rọ tó ń kán tó tó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá ń da ju lítà 4 nù lójúmọ́, ilé ìgbẹ́ tó ń ṣàn lábẹ́lẹ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tó ń ṣe agbo ilé yín ń ṣe gbogbo ìlú. Ní Phnom Penh, olú ìlú Cambodia, omi tí iléeṣẹ́ omi fi ránṣẹ́ ní 1993 tí kò mú owó wálé, yálà ó jò ni tàbí wọ́n jí i, tó ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Ek Sonn Chan gba ọ̀gá ibẹ̀ lọ́dún náà. Ó fi mítà sí ilé gbogbo, ó yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀yìn, ó sì já páìpù àwọn ènìyàn ńlá tí kì í san owó, tí ọ̀gágun wà nínú wọn. Kí ogún ọdún tó pé, àdánù náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 6. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, ẹ̀bùn pàtàkì kan ní ilẹ̀ Éṣíà, ní 2006. Nígbà tí àwọn ará ìlú wa bá ń bèèrè pé kí owó omi dínwó, èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè pé omi mélòó ló ń sọnù lójú ọ̀nà, ta ni kì í sì í san tirẹ̀.

*Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ń ṣàròyé omi, ẹ wá wo Kétu! Kànga wa jìn, omi rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ṣé omi òjò lè tó ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà jẹ, àbí àlá ni? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe àlá, ìṣirò ni. Òjò tó ga ní mìlímítà kan lórí páànù tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó ń mú lítà kan wá. Bí a bá fi mìlímítà 1,000 ṣe òjò ọdún kan, tí òrùlé yín sì jẹ́ mítà 6 lọ́nà 10, lítà 60,000 ló bọ́ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbà, ó di 48,000. Ènìyàn mẹ́fà tí olúkúlùkù wọn ń fi lítà 20 mu, sè, tó sì fi ń fọ ọwọ́ àti abọ́ lójúmọ́, lítà 43,800 ni wọn yóò lò lọ́dún. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀, bí a kò bá ka ìfọṣọ àti ìwẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tó ti ṣòro ni pé òjò kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Láti àárín oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kẹta, nǹkan bí ọjọ́ 120, ẹ kò lè gbójú lé e. Ní lítà 120 lójúmọ́, ẹ nílò tánkì tó lè gba bíi lítà 15,000 kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Dúróọ̀mù méjì lábẹ́ òrùlé kò lè ṣe é. Kòtò omi tí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́ sínú ilẹ̀ ni, èyí sì wọ́n fún olówó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ìkòkò tí yóò fi dà á. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan kọ́múùnù nìyẹn. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí fẹ̀ ju ti ilé ẹnikẹ́ni lọ. Bí kọ́múùnù bá ní kò sí òrùlé ìjọba tuntun kan tí wọn yóò kan láìgbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iye tó máa fi kún iṣẹ́ náà kò tó ohun tí ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri yóò gbà láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù kí ẹ tó gba omi, ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu kòtò nítorí ẹ̀fọn, ẹ má sì ṣe fi korobá tó ti kan ilẹ̀ bù ú.

*Àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti wọ ìgboro báyìí. Bí a bá lọ bèèrè omi, ọ́fíìsì kan a ní abúlé ni wá, èkejì a ní ìgboro ni wá. Ta ni kí a mú? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ìbéèrè yín ni ó le jù nínú gbogbo lẹ́tà yìí. Ní ìwé, ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: SONEB ló ni omi ìgboro, àjọ ANAEPMR tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017 ló ni ti ìgbèríko, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi ni ètò gbogbogbòò wà. Kọ́múùnù, tí 77 rẹ̀ wà ní Bẹ̀nẹ̀, ló ń mójú tó ilẹ̀ pípín, ojú àgbàrá àti ìmọ́tótó. Ibi tí ìlú ti ń dàgbà ni ìwé náà kò ti ríran. Abúlé kì í di ìgboro lọ́jọ́ kan. Ilé mẹ́wàá yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún, gbogbo àsìkò yẹn sì ni ọ́fíìsì méjèèjì lè fi sọ pé kò kan àwọn, láìpurọ́. Ní èrò tèmi, àìsí omi kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ àwọn ìlú wa tó ń fẹ̀. Àìsí ẹni tí a lè pè lórúkọ pé òun ni yóò dáhùn ni.

Kọ́múùnù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun nìkan ni kò lè sọ pé inú ilẹ̀ òun kọ́ ni ẹ wà. Gbangba ni ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ń jókòó. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ fi ìwé béèrè ohun mẹ́ta pàtó: ọ́fíìsì wo ni àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí, ọjọ́ wo ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, àti owó tó wà nínú ètò ìnáwó ọdún yìí fún un. Ẹ béèrè ìdáhùn lórí ìwé. Ìdáhùn tó bá sọ pé “kò sí” ṣì wúlò, torí pé ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ga jù.

Ẹ má ṣe kánjú gbẹ́ kànga kí ìdáhùn tó dé. Àpáta ni Ṣábẹ̀ẹ́ jókòó lé, bí àwọn òkè yín ṣe ń jẹ́rìí, omi kì í sì í gbé inú àpáta bí kò ṣe nínú ẹ̀là rẹ̀. A lè gbẹ́ ibì kan kí ó gbẹ táútáú, kí a sún díẹ̀ kí omi tú jáde. Ẹ̀là náà a sì tún máa gbé ìdọ̀tí rìn jìnnà kíákíá. Mítà 30 tí a sọ fún ìyá Tokpota lókè kò tó fún yín. Odò Ouémé tó ń kọjá lágbègbè yín tún ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀, ibi tí àwa wà. Oògùn tí wọ́n bá fọ́n sí oko òwú lókè, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń bọ̀. Òfin 2010 yẹn ti rí èyí, ó sì fẹ́ kí a máa ṣàkóso omi bí odò ṣe ń ṣàn, kì í ṣe bí ààlà kọ́múùnù ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Àjàṣẹ́ jókòó sórí tábìlì kan gbẹ̀yìn nítorí odò kan náà?

*Wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá tuntun sí ọ̀dọ̀ wa nítòsí Zounvi, omi ṣì ń wọlé. Kí ló dé? — Ìyá aláṣọ, Àjàṣẹ́*

Zounvi jẹ́ àbàtà tó wà láàárín ìlú, iṣẹ́ àbàtà sì ni pé kó gba omi dúró, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò mìlímítà 50 lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo jẹ́ mítà kúbíìkì 500. Bí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, yóò mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fi páànù, sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà bò ó, gbogbo rẹ̀ ni yóò sáré bọ̀ láàárín wákàtí kan. Ojú àgbàrá kàn ń gbé omi lọ ni, kì í pa á mọ́. Bí wọ́n bá ti fi yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí kún àbàtà tó yẹ kó gbà á, inú ṣọ́ọ̀bù yín ni yóò sinmi sí. Ìjọba ti dá ilé iṣẹ́ SGDS sílẹ̀ ní 2018 láti máa kó ìdọ̀tí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ìyẹn dín ọ̀rá inú ojú àgbàrá kù. Ẹni tó ń fún ènìyàn ní ìwé láti kọ́lé sínú àbàtà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ẹ bèèrè orúkọ ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i.

*Ọmọ mi ní ibì kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n ti ń mu omi tí a fọ̀ láti inú ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́. Ẹ bá mi bá a wí! — Ìyá àgbà, Djègan, Àjàṣẹ́*

Màmá, a ò ní bá a wí, òótọ́ ló sọ. Ní Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, láti 1968 ni wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ ní Goreangab, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ omi mímu ìlú. Aṣálẹ̀ ló yí wọn ká, odò tó ń ṣàn tọdúntọdún sì jìnnà sí wọn. Àwa tí òjò ń rọ̀ fún kò ní láti dé ibẹ̀. Èyí tó kàn wá ni kí a má da irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀sà láìfọ̀ ọ́, nígbà tó lè bọ́ oko àti ẹja. Ní Ouando níbí, ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ń sọ ìdọ̀tí ẹran ọ̀sìn di gáàsì ìdáná àti oúnjẹ fún adágún ẹja. Wọ́n máa ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mú yín lọ.